Ṣé Àwa Náà Á Jẹ Ẹ́?

Ẹ̀wà náà ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi láti oṣù Kejì. Mo ti gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ tí mo ṣí i, ìyẹ̀fun ti bo ojú rẹ̀, kòkòrò ti dá ihò sí i lára bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, àwọn tó ṣì wà láàyè nínú wọn sì ń gun ara kẹ́ẹ̀gì bọ̀ lókè. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ni pé mo ti rí ohun tí mo máa fi sínú garawa. Mo pe ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo ní kó da ẹ̀wà náà sínú láílọ́ọ̀nù, kó gbé e lọ sínú garawa ńlá tí àwa òbí àdúgbò gbé sí fàráńdà, èyí tí à ń kó oúnjẹ sí fún àwọn tí nǹkan le fún.

Ó wo ẹ̀wà, ó wo ojú mi. Ó ní, "Màmá, ṣé àwa náà á jẹ ẹ́?"

Bí mo bá fẹ́ ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é fún èmi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ǹ bá ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ẹnu mi kò gbà á. Mo da ẹ̀wà oníkòkòrò fún adìẹ. Mo ṣí èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tí mo ti ní lọ́kàn láti fi se ọ̀lẹ̀lẹ̀ ọjọ́ Àìkú, mo wọn kóńgò kan nínú rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú dé, ẹ̀bà la jẹ. Bàbá wọn bèèrè ọ̀lẹ̀lẹ̀. Kí n tó lanu, ọmọ náà ti dá a lóhùn: "A ti fún garawa."

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ garawa yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Lójú tèmi, ohun tí àwọn ọmọ wa rí kọ́ nídìí rẹ̀ pọ̀ ju oúnjẹ tí a pín lọ, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára.

Ìlú kòkó ni Ìdànrè tí à ń gbé, ẹni tó bá ń wò wá láti òkèèrè lè rò pé ebi kò mọ ọ̀nà ibí. Lọ́dún 2024, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là, ohun tí àwọn bàbá wa kò rí rí. Àwọn kan parí ilé tí wọ́n ti pa tì, àwọn kan ra ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kòkó kì í ṣe kókò, a kì í sè é jẹ. Ẹni tó gbin kòkó sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, ọjà ni òun náà ti ń ra gàárì. Gàárì náà kò sì dúró dè é. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 yẹn kan náà, NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, ní owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún lékún láàárín ọdún kan. Gbogbo wa la mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í le: láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, ẹni tó fẹ́ lọ sí Àkúrẹ́ lásán ń ronú kó tó jáde nílé.

Owó kòkó yẹn kò sì kárí. Ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn wá ṣiṣẹ́ oko olóko, tó ń gbé abà pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, kò ní igi kan tí yóò pè ní tirẹ̀. Opó tí àwọn ẹbí ọkọ ti gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ti ń wo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó kòkó kọjá. Ìgbà tó wá burú jù ni oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, tí òjò wà lórí wa, tí owó kòkó àkọ́kọ́ ti tán, tí ìkórè ńlá kò sì tíì dé.

Inú oṣù Keje yẹn ni ìpàdé òbí àti olùkọ́ ilé ìwé àwọn ọmọ wa bọ́ sí. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ owó ilé ìwé, wọ́n ti sọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò, àwọn kan ti ń wá bàtà wọn. Olùkọ́ obìnrin kan dìde, ó ní ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lọ́kàn òun. Ó ní ọmọ kan wà ní kíláàsì òun tó máa ń fi ìdajì búrẹ́dì tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá bù fún un pamọ́ sínú báàgì. Òun ti rò pé ọmọ náà ń ṣe ahun ni, àfi ọjọ́ tí òun bi í, tó ní àbúrò òun ló ni ín.

Gbọ̀ngàn náà dákẹ́. Ẹnì kan ní kí olùkọ́ dárúkọ ọmọ ọ̀hún ká lè ràn án lọ́wọ́. Ó kọ̀. A tún bi í, ó tún kọ̀. Lọ́jọ́ náà mo rò pé agídí ló ń ṣe. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe nínú gbogbo wa.

Àwa mẹ́fà la dúró lẹ́yìn ìpàdé. Ọ̀kan nínú wa tó ti gbé Èkó rí ló mẹ́nu ba báǹkì oúnjẹ. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Kí ni báǹkì ń wá nínú ọ̀rọ̀ gàárì? Ṣùgbọ́n orúkọ náà ní ìtàn, abiyamọ kan ló sì ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ní ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John van Hengel ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ níbi tí àwọn Kátólíìkì ti ń fún aláìní lóúnjẹ. Ó bá obìnrin kan pàdé tó ní ọmọ mẹ́wàá, tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n. Ẹ̀yìn àwọn ilé ìtajà ńlá ni obìnrin yìí ti ń ṣa oúnjẹ tó fi ń bọ́ wọn, oúnjẹ tí kò bàjẹ́ rárá, tí wọ́n kàn dà nù. Òun ló sọ fún van Hengel pé ó yẹ kí ibì kan wà bíi báǹkì, tí ẹni tó ní yóò máa kó oúnjẹ sí, tí ẹni tí kò ní yóò máa lọ gbà. Ìjọ St. Mary's yá ọkùnrin náà ní ilé kan tí wọn kò lò mọ́, wọ́n fi 3,000 dọ́là tì í lẹ́yìn, báǹkì oúnjẹ àkọ́kọ́ lágbàáyé sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1967.

Ní Nàìjíríà tiwa, Michael Sunbola ló dá Lagos Food Bank Initiative sílẹ̀ lọ́dún 2015. Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọn kì í kàn da ìrẹsì sáàárín èrò. Wọ́n ní ètò ọ̀tọ̀ fún aboyún àti ìyá ọlọ́mú, wọ́n ní ti àwọn ọmọ ilé ìwé, wọ́n sì ní èyí tí wọ́n fi ń ran ìdílé lọ́wọ́ láti gbin ohun tí wọn yóò jẹ. Ṣùgbọ́n Èkó lèyí. Ìdànrè kò ní ilé ìkẹ́rùsí, kò ní ọkọ̀ akẹ́rù. Garawa la ní.

A gbé e sí fàráńdà wa nítorí pé ilé wa ló sún mọ́ títì. A ní kí àwọn ọmọ máa lọ láti ilé dé ilé ní méjì-méjì lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n kí àwọn àgbà dáadáa, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá, kí wọ́n sì dúpẹ́ bí wọ́n bá rí gbà tàbí wọn kò rí gbà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọmọ tí ilé rẹ̀ ń kọ́ ní ìkíni, ẹ fi irú iṣẹ́ yìí rán an. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gàárì ló pọ̀ jù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tẹ̀ lé e, epo pupa wà nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Inú wa dùn. Ibi tí inú wa ti dùn jù yẹn la ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìṣe.

A lẹ bébà kan mọ́ ògiri lókè garawa, a ń kọ orúkọ àti ohun tí kálukú mú wá. A rò pé yóò ta àwọn èèyàn jí. Ó ta wọ́n jí lóòótọ́. Ọ̀gá kan gbé odidi àpò ìrẹsì wá, ó dúró tì wá títí a fi kọ ọ́, ó ní ṣé a kò ní bírò pupa. Màmá àgbà kan tó ń ta ewé ẹ̀kọ ní ẹ̀gbẹ́ ọjà gbé gàárì kóńgò kan wá nínú aṣọ. Nígbà tó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ní kí ọmọ mi bá òun ka ohun tó wà lára ògiri. Ọmọ náà kà á fún un láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń ka ìwé ní kíláàsì: àpò ìrẹsì, páálí Indomie, gálọ́ọ̀nù epo, gàárì kóńgò kan. Màmá ní kí a jọ̀ọ́, kí a bá òun pa orúkọ òun rẹ́.

Lálẹ́, ọmọ bi mí pé kí ló dé tí ojú fi ń ti ẹni tó fúnni ní nǹkan. Mo dìde, mo lọ ya bébà náà kúrò lára ògiri. Láti ìgbà náà, inú ìwé àkọsílẹ̀ la ń kọ iye tó wọlé sí, kò sí orúkọ níbẹ̀.

Bàbá kan nínú wa, Mùsùlùmí ni, ló wá fún wa ní òṣùwọ̀n tí a ń lò títí di òní. Ó ní ṣé a kò mọ jáká ni, sàká ìtúnu ààwẹ̀. Ẹ̀kún ọwọ́ méjèèjì lọ́nà mẹ́rin ni, lórí gbogbo orí tó wà nínú ilé, títí kan ọmọ ìkókó, nínú irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ nílùú. Ó sì gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni kí wọ́n tó kírun yídì, kí aláìní náà lè rí ọdún ṣe. Òṣùwọ̀n kan náà ni fún gbogbo orí, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì rántí ìkórè tiwa, níbi tí wọ́n ti ń fi iṣu kan ṣe gbàǹjo títí owó rẹ̀ yóò fi tó owó ewúrẹ́, tí gbogbo ìjọ á máa hó. Mo fẹ́ràn ìkórè, ariwo rẹ̀ máa ń dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n fún garawa, jáká ló bá a mu. A fẹnu kò sí kóńgò kan fún ilé kan. Ẹni tó bá fẹ́ fún wa ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dùn mí jù báyìí.

Àkọ́bí mi, ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé oúnjẹ lọ sí ilé àwọn èèyàn. Ó mọ ilé tí ó gbé e lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, òun àti ọmọ ilé yẹn jà níbi bọ́ọ̀lù, lórí bóyá gòólù wọlé tàbí kò wọlé. Ohun tó jáde lẹ́nu ọmọ mi ni, "Ṣé kì í ṣe ilé wa lẹ ti ń jẹun?"

Ẹlòmíràn ló wá sọ fún mi. Mo jókòó. Èmi tí mò ń yan kiri pé à ń kọ́ àwọn ọmọ ní àánú, ìrègún ni èyí tí mo bí kọ́. Ta ló sì kọ́ ọ? Èmi tí mo lẹ bébà mọ́ ògiri ni. Bàbá bírò pupa ni. Àwọn tí wọ́n ń fi fóònù ya àwòrán arúgbó tó di láílọ́ọ̀nù ìrẹsì mú, tí wọ́n ń gbé e sórí Facebook kí ìrẹsì náà tó jinná, àwọn náà kọ́ ọ. Ìrègún àtijọ́ máa ń dúró di ọjọ́ ìjà kó tó jáde. Ti ìsinsìnyí, ọjọ́ tí a fúnni gan-an ni a ti ń ṣe é, fọ́tò náà kò sì ní parẹ́.

Mo rò ó pé kí n fa ọmọ náà lọ síbẹ̀ kó lọ dọ̀bálẹ̀. Ọkọ mi ní tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, a ó tún máa ròyìn oúnjẹ náà lẹ́ẹ̀kejì. Òótọ́ ló sọ. Ìgbà náà ni mo rántí ìyá ìyá mi.

Ìsàlẹ̀ níbí ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tó sọ̀kalẹ̀ láti Ìdànrè àtijọ́ lórí àpáta, ìsọ̀kalẹ̀ tí wọ́n ń ka ọdún 1923 sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn àlejò tó ń gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lónìí láti lọ wo ààfin àtijọ́, ọwọ́ lásán ni wọ́n ń gùn ún, síbẹ̀ wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Tàwọn ará ilé màmá àgbà, iṣu ló wà lórí wọn. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ó mọ ohun tí oúnjẹ jẹ́. Bí ó bá ti fura pé ilé kan kò dáná, á bu oúnjẹ sínú abọ́, á fi ọmọrí dé e, á rán mi. Iṣẹ́ tó máa ń fi rán mi kò yí padà: "Sọ fún wọn pé mo sè é pọ̀ jù ni o. Kí wọ́n bá mi jẹ ẹ́ kó má baà kan mọ́ mi lọ́wọ́."

Irọ́ ni. Mo rí ìkòkò. Kò pọ̀ jù, ẹran tèmi gan-an ti dínkù nínú rẹ̀. Obìnrin tó máa ń nà mí bí mo bá purọ́ ló ń kọ́ mi ní irọ́ kan ṣoṣo yìí, ó sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí yóò fi dá a lójú pé mo mọ̀ ọ́n pa. Abọ́ náà kì í sì í padà lófìfo. Bó pẹ́ bó yá, ata ṣọ̀ǹbọ̀ díẹ̀ á wà nínú rẹ̀, tàbí ẹ̀fọ́ tí wọ́n já lẹ́yìnkùlé. Màmá àgbà á gbà á, á dúpẹ́ gan-an, bí ẹni pé òun ni wọ́n ṣe lóore.

Nítorí náà, n kò rán ọmọ mi lọ tọrọ àforíjì. Mo rán an lọ yá odó. Tiwa ti là láti ìsàlẹ̀, mo sì fẹ́ gún iyán lóòótọ́. Mo ní kó lọ sọ fún màmá ọmọ tí wọ́n jọ jà pé mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá wa ṣe é, àwa la nílò ìrànlọ́wọ́. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó lọ, ó pẹ́. Nígbà tí ó ń bọ̀, òun àti ọmọ tí wọ́n jọ jà ló gbé odó náà sáàárín, ọmọ odó wà lábẹ́ apá ọ̀kan nínú wọn. N kò bi í ní ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn. A gún iyán, odó náà sì padà sílé pẹ̀lú abọ́ kan lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò kò parí síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò, ọmọ dáadáa ni, ní àwọn ọmọ Ìdànrè tó wà ní òkè òkun ṣe tán láti fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ rí àwọn tó ń gbà á. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní London tó yọ pọ́n-ùn ogún nínú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí ó wọlé sí, wọ́n sì ti lu ọ̀pọ̀ wọn ní jìbìtì lórúkọ ọmọ òrukàn. A bá a dúnàádúrà. Ó ya gàárì tí a tò, ó ya rìsíìtì epo, ó ya ọwọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Kò ya ojú ẹnikẹ́ni. Owó wá, kò pọ̀ tó bí òun ṣe rò, ó sì pọ̀ ju bí èmi ṣe rò lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú èyí ní àdúgbò yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má pe èrò jọ. Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn òbí bíi tiwa kó ọmọ lọ sí Islamic High School ní Bàṣọ̀run, Ìbàdàn, síbi àríyá ìparí ọdún tí wọ́n ní àwọn ọmọdé yóò ti gba ẹ̀bùn. Èrò pọ̀ ju ààyè lọ, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọmọ 35 kò padà sílé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èèyàn 10 kú níbi tí wọ́n ti ń dúró de oúnjẹ ní ìjọ Holy Trinity ní Maitama, Àbújá. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àwọn mìíràn kú nítorí ìrẹsì ní Okija, ní ìpínlẹ̀ Anambra. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ níbí pé ọ̀kánjúà ló pa wọ́n. Mo fi ìbínú jáde kúrò láàárín wọn. Ìyá tó jí ní òru, tó wẹ̀ fún ọmọ, tó wọ aṣọ ọdún fún un nítorí pé wọ́n ní oúnjẹ wà níbì kan, kí ni ó ṣe tí ẹ̀yin kì bá tí ṣe?

Ní tiwa, ẹnikẹ́ni kì í wá gba oúnjẹ ní fàráńdà. Oúnjẹ ló ń lọ bá wọn, ní ìrọ̀lẹ́, láìpọ̀, abọ́ tàbí àpò kan lẹ́ẹ̀kan. Àgbà ló ń gbé e lọ báyìí, kì í ṣe ọmọdé. A ti kọ́gbọ́n. Olùkọ́ tí kò dárúkọ lọ́jọ́sí ló ń sọ ilé tí a ó gbé e lọ fún ẹnì kan ṣoṣo nínú wa, kì í sọ ìtàn wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tó jọ ọ́. Àwọn báǹkì oúnjẹ ti Trussell, tí àkọ́kọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní Salisbury lọ́dún 2000, máa ń jẹ́ kí dókítà, olùkọ́ tàbí ẹni tó mọ ìdílé náà fún wọn ní ìwé pélébé tí wọn yóò fi gba oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó mọ̀ ọ́ ló ń sọ̀rọ̀ fún ọ, o kò ní láti máa rojọ́ ebi rẹ fún àlejò.

Oúnjẹ kì í sì í sùn sọ́wọ́ wa ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. A kò gbàgbé oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí èrò já ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza ní Èkó, tí wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà tí wọn kò tíì pín níbẹ̀ gègèrè.

Owó ńkọ́? Owó ló ń parí ohun tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a fún ní ẹ̀wà tí kò ní gáàsì, tí kò ní iyọ̀, a kàn fún un ní nǹkan tí yóò máa wò ni. Àpótí owó náà kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ èmi. Lọ́jọ́ kan tí gáàsì tèmi tán lójijì, mo mú 2,000 náírà níbẹ̀ pé bílẹ̀ bá mọ́ n ó dá a padà. Mo dá a padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi, oníbèéèrè ẹ̀wà, ti rí mi nígbà tí mò ń mú un, kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí mo dá a padà. Ẹ wo bí ilé ti ń kọ́ ọmọ. Lọ́sẹ̀ yẹn ni àpótí kúrò nílé wa. Ó wà nílé ẹnì kan báyìí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nílé ẹlòmíràn, àwọn ọmọ ló sì ń kà á sókè lójú gbogbo wa ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí a kò ṣètò fún. A máa ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kí àwọn ọmọ àdúgbò wá ṣa ẹ̀wà, kí wọ́n yọ òkúta kúrò, kí wọ́n wọn gàárì sínú láílọ́ọ̀nù. Ilé tí kò bá ní kóńgò kan, a ní kí wọ́n rán ọmọ wá bá wa ṣà á. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, àwọn tí wọ́n ń gba oúnjẹ pẹ̀lú ti ń rán ọmọ wá, àwọn ìyá wọn náà ń yà wá jókòó. Màmá eléwé ẹ̀kọ ń mú ewé wá. Lórí ẹní yẹn, bí ẹ bá ní kí n tọ́ka sí ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà, n kò ní lè ṣe é, àwọn ọmọ gan-an kò sì bèèrè mọ́. Ọmọ tó ń fi búrẹ́dì pamọ́ wà lára wọn, ó dá mi lójú. N kò mọ èwo ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Keje, garawa yóò tún jáde sí fàráńdà. Kóńgò kan fún ilé kan. Kí ẹ tó gbé e wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún ọmọ yín, kí ẹ jẹ́ kó bi yín.